Henry Carr: Ọmọ Èkó tó ti ìdí tábìlì akọ̀wé di Àjẹ́lẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni èrò ti máa ń kún ibùdókọ̀ Alákijà, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ láti Èkó sí Badagry. Àwọn kan ti inú Festac wá, àwọn kan ti Satellite Town wá, àwọn mìíràn sì ti àdúgbò Alákijà gan-an jáde. Ọ̀pọ̀ wọn ló jẹ́ ọ̀dọ́ tó so táì mọ́rùn, tó fi báàgì há abíyá, tó ń sáré kí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ má baà dá a dúró ní Mile 2. Lára wọn ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ àwọn akáǹtáǹtì. Ọmọ iṣẹ́ tó ń yẹ ìwé owó oníwèé wò ni wọ́n fi wọlé. Wọ́n ń ka ìwé ìdánwò ICAN lóru, wọ́n ń retí ọjọ́ tí wọn yóò di ọ̀gá kékeré, tí wọn yóò di máníjà, àti bí Ọlọ́run bá fẹ́, tí wọn yóò di ọ̀kan lára àwọn tó jọ ni ilé iṣẹ́ náà. Ohun tó ń jẹ púpọ̀ nínú wọn lọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí èèyàn dúró sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, kó máa gun àkàbà náà díẹ̀díẹ̀, àbí kó fi í sílẹ̀, kó lọ dá tirẹ̀ sílẹ̀?

Ní ilẹ̀ Yorùbá, àwọn tó fi í sílẹ̀ la sábà máa ń pìtàn wọn. Orúkọ tí ibùdókọ̀ yẹn ń jẹ́ ni orúkọ ìdílé Sir Adéyẹmọ Alákijà, ẹni tó ṣe akọ̀wé ìjọba fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kó tó kọ̀wé sílẹ̀, tó lọ kọ́ òfin ní London, tó di lọ́yà ní 1913, tó sì wà lára àwọn tó dá ìwé ìròyìn Daily Times sílẹ̀ ní 1926. Akíntọ́lá Williams náà, baba àwọn akáǹtáǹtì wa, kò lò ju nǹkan bí ọdún méjì lọ ní ọ́fíìsì owó orí lẹ́yìn tó ti ìlú òyìnbó dé ní 1950. Ní 1952 ló jáde, ó sì dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tó dúró ńkọ́? Nínú gbogbo ọmọ Èkó tó dúró sínú ilé kan ṣoṣo, tó bẹ̀rẹ̀ láti ìdí tábìlì akọ̀wé, tó sì gòkè dé ibi tí ọmọ adúláwọ̀ kan kò dé rí nígbà ayé rẹ̀, Henry Rawlinson Carr ni àgbà wọn. Ó wọ iṣẹ́ ìjọba ní 1889. Ní 1924 ló fẹ̀yìn tì. Ọdún márùndínlógójì gbáko nìyẹn.

Ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1863 ni wọ́n bí i ní Èkó, ọdún méjì péré lẹ́yìn tí òyìnbó gba ìlú náà lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Sàró ni àwọn òbí rẹ̀, ìyẹn àwọn ọmọ Yorùbá tí ogun ẹrú gbé lọ, tí wọ́n já sílẹ̀ ní Sàró, tí wọ́n sì padà wálé. Rebecca ni ìyá rẹ̀ ń jẹ́, baba rẹ̀ sì ń jẹ́ Amuwo Carr. Ẹni tó ń gbé ní Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin lè rẹ́rìn-ín bó bá gbọ́ orúkọ yìí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn pín ilẹ̀ o, orúkọ ló kàn jọra.

Ó ka ìwé díẹ̀ ní Èkó, wọ́n sì fi í ránṣẹ́ padà sí Freetown. Ibẹ̀ ló ti wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Fourah Bay, tó wà lábẹ́ yunifásítì Durham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà. Ní 1882, òun ni ọmọ ilé-ìwé náà àkọ́kọ́ tó gba oyè onípò ọlá. Ìṣirò wà lára ohun tó fi gbà á. Láti ibẹ̀ ló lọ sí London, ó kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, ó kọ́ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, ó sì fi ẹsẹ̀ kan wọ ibi tí wọ́n ti ń kọ́ òfin. Nígbà tó padà sí Èkó ní 1885, ilé-ìwé CMS Grammar School ló ti ń ṣe tíṣà, lábẹ́ Isaac Olúwọlé tó di bíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀ kí ìjọba tó pè é.

Iṣẹ́ tí wọ́n pè é sí ló yẹ ká dúró lé díẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba, wọ́n sì fi iṣẹ́ igbákejì olùbẹ̀wò ilé-ìwé kún un, èyí tí àwọn àgbà ń pè ní sípẹ́kítọ̀. Ẹni tó bá gbọ́ sípẹ́kítọ̀ lónìí lè rò pé kí èèyàn kàn yọjú sí kíláàsì, kí àwọn ọmọ dìde kí i, kó sì máa lọ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Òfin ẹ̀kọ́ tí ìjọba Èkó ṣe ní 1887 ti sọ bí owó ìrànwọ́ yóò ṣe máa dé ọwọ́ àwọn ilé-ìwé ìjọ. Kì í ṣe iye ọmọ tó jókòó nìkan ni wọ́n ń wò, bí kò ṣe iye ọmọ tó yege nínú ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò. Ọmọ tó bá yege mú owó wọlé fún ilé-ìwé rẹ̀. Ọmọ tó bá fìdí rẹmi kò mú nǹkan kan wá.

Nítorí náà, bí Carr ṣe ń wọ ilé-ìwé kan, ìwé orúkọ ló kọ́kọ́ ń béèrè. Ó ń ka àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wò ó bóyá àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni àwọn tó wà níwájú òun. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò. Ohun tó bá kọ sínú ìwé rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló ń sọ bóyá tíṣà yóò rí owó oṣù gbà tàbí kò ní rí i. Iṣẹ́ ayẹ̀wé-owó-wò gan-an nìyẹn, àfi pé orí àwọn ọmọdé ni wọ́n fi ń ṣírò. Pásítọ̀ tó bá ti gbọ́ pé sípẹ́kítọ̀ ń bọ̀, kò ní sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Carr kò sì jẹ́ ẹni tí wọ́n lè fi oúnjẹ ọ̀sán tàn. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ó sì fẹ́ràn ìjọ rẹ̀ dọ́kàn, ṣùgbọ́n kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ìjọba pé ẹ̀kọ́ tí púpọ̀ nínú ilé-ìwé ìjọ ń kọ́ àwọn ọmọ kò kún ojú òṣùwọ̀n. Láàárín ọdún díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ti di olùbẹ̀wò.

Ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wúlò jù nígbà náà ni ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Mùsùlùmí. Mùsùlùmí pọ̀ ní Èkó, ṣùgbọ́n wọn kì í rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé ìjọ, nítorí ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ọmọ tó lọ ní Súlè lè padà wálé ní Samuel. Ẹ̀rù wọn kò sì jẹ́ ẹ̀rù asán. Ní 1896, ìjọba ṣí ilé-ìwé kan ní Èkó fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí, níbi tí wọ́n ti lè kọ́ ìwé Gẹ̀ẹ́sì láìfi ẹ̀sìn wọn sílẹ̀. Wọ́n ṣí òmíràn ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898, àti òmíràn ní Badagry ní 1899. Abẹ́ ẹ̀ka tí Carr ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n wà. Ọ̀nà márosẹ̀ Alákijà kò tíì sí nígbà náà, àárín ọdún 1970 sí 1979 la ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Ẹni tó bá ń lọ sí Badagry láti Èkó yóò wọ ọkọ̀ ojú omi gba ọ̀sà kọjá ni. Kí ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ Mùsùlùmí Èkó yìí sọ́kàn, a óò tún padà bá a níwájú.

Nígbà tí Gómìnà MacGregor dé ní 1899, wọ́n gbé Carr sókè sínú ọ́fíìsì akọ̀wé ìjọba, kó máa bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìbílẹ̀. Ó dà bí ẹni pé àkàbà náà yóò gbé e dókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ìgbà ti ń yí padà. Ní àtijọ́, nígbà tí ibà ń pa òyìnbó bí ẹni ń ta ayò, ìjọba Èkó kò kọ̀ láti fi ọmọ adúláwọ̀ sí ipò ńlá. Bí oògùn ṣe ń dáa sí i, tí òyìnbó púpọ̀ sì ń wọlé dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ onílẹ̀. Ní 1906, wọ́n da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà, òyìnbó ni wọ́n sì ń fi ṣe ọ̀gá àgbà ẹ̀ka ẹ̀kọ́. Carr tó mọ gbogbo ilé-ìwé bí ẹni mọ ojú ọwọ́ rẹ̀ wá di ẹni tó ń kọ́ ọ̀gá níṣẹ́, tí kì í sì í ṣe ọ̀gá. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dá King's College sílẹ̀ ní 1909, wọ́n béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fún wọn. Wọ́n lo ìmọ̀ràn náà, ipò ni wọn kò fún un.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ì bá ti kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnìkan tiẹ̀ wà tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ṣáájú rẹ̀, ọmọ Èkó bíi tirẹ̀, tí wọ́n fi ọdún kan péré bí Carr jù. Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, náà bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé ìjọba ní 1881. Ìjọba ló rán an lọ sí Plymouth lọ kọ́ iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n, ó sì padà wá di sọ́fíyọ̀ ìjọba ní 1893. Ọdún márùn-ún péré ló ṣe é. Ní 1898, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ló ti yíjú sí ìjọba tó rán an níwèé, kò sì yẹ ojú kúrò títí tó fi kú. Àwọn méjèèjì rí ohun kan náà: wọ́n rí òyìnbó tí kò mọ iṣẹ́ tó wọn tí wọ́n gbé gorí wọn. Ọ̀kan gbà pé ìta lèèyàn ti lè tún un ṣe. Èkejì gbà pé bí gbogbo ọmọ dúdú tó mọ̀wé bá jáde, kò ní sí ẹni tí yóò wà nínú ilé mọ́ láti fi hàn pé ọmọ dúdú lè ṣe é.

Carr dúró. Ní 1915, ó di olórí àwọn olùbẹ̀wò ilé-ìwé fún Gúúsù. Ní 1918, nígbà tí ìṣàkóso Lugard ń lọ sópin, wọ́n fi í ṣe Àjẹ́lẹ̀ fún Èkó àti agbègbè rẹ̀. Ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Káàkiri Nàìjíríà, òyìnbó ni Àjẹ́lẹ̀. Àjẹ́lẹ̀ ló ń gbẹnu sọ fún Gómìnà níwájú ọba, òun ló sì ń mú ọ̀rọ̀ ọba lọ fún Gómìnà. Pé ọmọ adúláwọ̀ jókòó sórí àga náà, ohun tí ojú kò rí rí ni. Ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni nígbà náà, ó sì ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n nídìí iṣẹ́. Àkàbà náà ti gbé e dókè.

Òkè náà ni wàhálà wà. Olóyè Olúwa ti gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́ lórí ilẹ̀ Àpápá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀. Ní 1920, ó lọ pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní London, ó mú Macaulay dání gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé rẹ̀, Macaulay sì gbé ọ̀pá àṣẹ Ọba Èṣùgbàyí Eléèkó lọ́wọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti jáde pé Eléèkó ni ọba gbogbo mílíọ̀nù èèyàn tó wà ní Nàìjíríà. Inú bí ìjọba. Wọ́n ní kí Kábíyèsí sọ fún gbogbo ayé pé òun kò rán Macaulay níṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Èṣùgbàyí sọ pé òun kò rán an ní irú ọ̀rọ̀ yẹn lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ní kó rán akéde pẹ̀lú agogo kiri ìgboro láti dójú ti Macaulay, ó kọ̀ jálẹ̀. Ìjọba gba owó oṣù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n lọ́ba mọ́.

Ta ni Àjẹ́lẹ̀ tó wà láàárín Ìgà Ìdúngànràn àti ilé Gómìnà lọ́dún náà? Carr ni. Ọ̀rọ̀ náà wá di adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bó bá sọ fún Gómìnà pé Eléèkó kò jẹ̀bi, wọn yóò ní ọmọ dúdú ni, ó ń gbè sẹ́yìn àwọn èèyàn rẹ̀, àga náà kò sì ní bọ́ sọ́wọ́ adúláwọ̀ mọ́. Bó bá duro ti ìjọba, ará ìlú yóò ní ó ta ọba. Ó duro ti ìjọba. A kò gbọ́dọ̀ puró mọ́ ọn pé ìbẹ̀rù nìkan ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Carr gbà nínú ọkàn rẹ̀ pé ẹ̀kọ́ àti ètò ni yóò gba ọmọ dúdú là, kò sì fọkàn tán ìṣèlú ìgboro rárá, pàápàá èyí tí Macaulay ń ṣe. Lójú rẹ̀, Macaulay ń fi ọba àti àwọn tálákà ṣe àkàbà tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n èrò ọkàn kò hàn sójú. Ohun tí Èkó rí ni ọmọ wọn tó wọ kóòtù òyìnbó, tó ń gbé ìyà òyìnbó wá fún ọba wọn.

Ó wá burú sí i ní 1921, nígbà tí Olúwa borí ìjọba ní London. Macaulay padà di akọni. Àwọn obìnrin ọjà wà lẹ́yìn rẹ̀, ìdílé Dòsùnmú wà lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ìlú náà sì wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn Jámáà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ẹ rántí àwọn ilé-ìwé tí ìjọba ṣí láti 1896. Láàárín àwọn tó ń bú Àjẹ́lẹ̀ lójú pópó, kò ní ṣàì sí ọkùnrin tó jẹ́ pé ilé-ìwé tí Carr ń bẹ̀ wò ló ti kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Ní 1923, Macaulay dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì kó gbogbo àga mẹ́ta tí Èkó ní nínú Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Nígbà tó di 1924, ó tẹ ìwé pélébé kan tí àkọlé rẹ̀ sọ láìfi ọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀ pé Henry Carr gbọ́dọ̀ lọ.

Ọdún náà gan-an ni Carr fẹ̀yìn tì. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àsìkò rẹ̀ ti tó. Ṣùgbọ́n ó dájú pé kì í ṣe bí ẹni tó sin ìlú fún ọdún márùndínlógójì ṣe ń fẹ́ kúrò nílé iṣẹ́ nìyẹn, kí ọ̀tá máa lu ìlù lẹ́yìn òun. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1925, ni ìjọba gbé Èṣùgbàyí kúrò ní Èkó lọ sí Ọ̀yọ́. Carr kò sí lórí àga mọ́ nígbà náà, síbẹ̀ àwọn kan kò yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú rẹ̀. Ní 1931 ni Kábíyèsí padà wálé, ó sì wàjà lọ́dún kejì.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, Carr kò wá ọ̀nà láti gba ojúrere ìgboro. Ìjọ Áńgílíkà fi í ṣe olùdámọ̀ràn òfin fún dáyósíìsì Èkó. Yunifásítì Durham fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń pè é ní Dókítà Carr. Ibi tí a ti lè rí i jù ni àárín ìwé rẹ̀. Ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi owó wọn ṣe ni ilẹ̀ àti ilé. Ìwé ni Carr ń rà, láti ìlú òyìnbó, lọ́dọọdún, títí ilé rẹ̀ fi kún fún un. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlógún lọ, wọ́n kà á tó 18,000.

Ó kú ní Èkó ní 1945, lẹ́ni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Macaulay tẹ̀ lé e ní oṣù karùn-ún ọdún 1946. Gbogbo Èkó ló jáde sin Macaulay, àwòrán rẹ̀ sì wà lára owó náírà kan ní ìgbà kan. Carr kò ní irú ìsìnkú bẹ́ẹ̀, kò sì sí lára owó kankan.

Ìjọba ra àwọn ìwé rẹ̀. Ní 1948 ni wọ́n dá University College sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Àwọn ìwé Henry Carr wà lára àwọn ìwé tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ilé ìkówèésí níbẹ̀, wọ́n sì wà lára ohun tí àwọn ọmọ yunifásítì àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ wa ṣí kà.